Físà Skilled Worker: iye owó méjì ni kí ẹ wò
Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó buwọ́ lùwé iṣẹ́ UK, ẹ bèèrè occupation code rẹ̀ (nọ́ńbà tí ìjọba UK fi ń dá irú iṣẹ́ mọ̀), kí ẹ wo going rate rẹ̀ (owó ọdún tí ìjọba là kalẹ̀ fún irú iṣẹ́ náà) lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba UK. Kì í ṣe £41,700 lọ́dún, iye owó tó kéré jù tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Keje 2025, nìkan ni kí ẹ wò. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń lò. Owó iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń kà, kò sí ti ófátáìmù, bónọ́ọ̀sì tàbí owó ilé níbẹ̀. £39,000 pẹ̀lú bónọ́ọ̀sì £4,000 kò tó o, ohun yòówù kí éjẹ́ǹtì sọ. Àmọ́ àtẹ owó tiwọn ni wọ́n fi ń wọn nọ́ọ̀sì NHS (ètò ìlera ìjọba UK) àti tíṣà, £33,400 sì lè tó fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 26, bí owó rẹ̀ bá ṣáà tó ìdá 70 nínú 100 going rate.