Bí mo ṣe fi hydrogen peroxide tọ́jú pákó ẹran nígbà Iléyá

Ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, pákó tí a fi ń gé ẹran kì í sinmi láti ọjọ́ Iléyá títí di Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń palẹ̀ mọ́, àlejò ń wọlé, ìkọ́kọrẹ́ wà lórí iná. Ẹ̀jẹ̀ àgbò á sì ti wọnú àpá ọ̀bẹ tó wà lára pákó, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ń fara pamọ́ sí. Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó pákó lọ́dún yìí.

Mo ra hydrogen peroxide, oògùn olómi tó ń pa kòkòrò, ní kẹ́mísì, èyí tó jẹ́ ìdá 3 nínú 100. Inú ìgò rẹ̀ tó pupa rúsúrúsú ni mo fi í sí, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ ọ́ di omi lásán. Omi tí ọ́síjìn kan lé lórí rẹ̀ ni. Louis Jacques Thénard, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1818.

Ọṣẹ ló ṣáájú. Mo fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ha ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá kúrò, mo ṣan pákó náà dáadáa. Ẹ má fo èyí rárá! Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran, catalase ni wọ́n ń pè é, tó máa ń tú peroxide ká kí ó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò. Mo kán díẹ̀ sórí ègé ẹ̀dọ̀ kan kí Màmá lè rí i. Ó hó yàà, ìfófòó funfun bo ẹ̀dọ̀ náà.

“Ó ti pa wọ́n nù-un!”

“Rárá o, Màmá. Ẹ̀dọ̀ ló ń pa oògùn yẹn. Ọ́síjìn tó ń sá lọ lẹ̀ ń wò yìí.”

Nínú kòkòrò gan-an niṣẹ́ wà. Peroxide á gba awọ rẹ̀ kọjá, á lọ bá irin díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni nǹkan kan ti ń jáde tí kì í pẹ́ láyé rárá, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá kàn ló ń bà jẹ́: awọ kòkòrò náà, purotéènì rẹ̀ àti DNA rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń darí bí ó ṣe ń dàgbà tó sì ń bí sí i. Fenton, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ̀wé nípa agbára tí irin àti peroxide ń ní bí wọ́n bá pàdé, lọ́dún 1894.

Kì í ṣe iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀. Mo dà á títí gbogbo àpá ọ̀bẹ fi rin, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ibi tó bá fẹ́ gbẹ, mo tún wọ́n sí i. Ooru ọ̀sán náà ràn án lọ́wọ́, torí bí ibẹ̀ bá ṣe gbóná tó ni peroxide ṣe ń yára sí. Lẹ́yìn náà ni mo wọ́n fínígà sí i láti inú ìgò ọ̀tọ̀. Bí méjèèjì bá tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n ń pa kòkòrò ju kí ẹyọ kan dá ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má pò wọ́n sínú ìgò kan ṣoṣo láéláé: ásíìdì tó ń ta ojú àti ọ̀fun ni yóò dà. Ẹ má sì jẹ́ kí bílíìṣì ìfọṣọ dé ibẹ̀.

Mo fi omi ṣan pákó àti ọ̀bẹ, mo sá wọn sóòrùn.

Bí mo ṣe ń dé ìgò náà ni Bùrọ̀dá mi na ọwọ́ tí ọ̀bẹ ti gé sí mi, wọ́n ní kí n da díẹ̀ sí i. N kò gbà. Peroxide kò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí ara tuntun tó ń hù lójú egbò, ó lè dá egbò dúró láì tètè jinná. Omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ ni mo fi fọ ọwọ́ náà fún wọn, mo fi báńdéèjì dì í, wọ́n sì padà sídìí ẹran.