Bí ọmọ yín ṣe lè gba owó HOPE ní Georgia, kó má sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́

Owó tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ni ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà fi ń rán àwọn ọmọ tó mọ̀wé lọ sí yunifásítì. Ọdún 1993 ni sikọ́láṣíìpù náà, tí wọ́n ń pè ní HOPE, bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Zell Miller wà nípò gómìnà. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024 ló ti ń san gbogbo owó ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Kì í san owó ilé gbígbé, oúnjẹ, ìwé, tàbí oríṣiríṣi owó mìíràn tí ilé-ìwé máa ń kọ sí bíìlì, nítorí náà ẹ wá tìyẹn sílẹ̀.

Ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí kó ní green card, tàbí kó jẹ́ ẹni tí ìjọba gbà gẹ́gẹ́ bí asásálà. Ọmọ tó wà lórí físà F-1 (ti akẹ́kọ̀ọ́) tàbí H-4 (ti ìdílé ẹni tó wá ṣiṣẹ́) kò lè gbà á, kódà bó bá ṣe girama níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá ti jẹ́ ará Georgia lọ́jọ́ tó parí girama, oṣù 12 ni ìdílé gbọ́dọ̀ ti lò níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́ kíláàsì ní yunifásítì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù 24 ni.

GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì lórí 4.0, tó tó 3.0 lọmọ gbọ́dọ̀ ní nígbà tó bá parí girama. Ọ̀rọ̀ 3.0 yìí ló máa ń tan àwọn òbí jẹ jù. Kì í ṣe GPA tó wà lórí káàdì ilé-ìwé ni wọ́n ń wò. Georgia Student Finance Commission, àjọ tó ń bójú tó owó náà, ń ṣírò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti èdè ilẹ̀ òkèèrè nìkan ló ń kà. Máàkì eré ìdárayá àti orin kò wọ inú rẹ̀, bó ti wù kó ga tó. Bí ilé-ìwé bá fi máàkì 10 kún ti kíláàsì AP (ẹ̀kọ́ ipele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní girama), àjọ á yọ ọ́, á wá fi 0.5 tirẹ̀ kún un. Ká ní ọmọ gba 83 nínú AP, tí ilé-ìwé sọ ọ́ di 93: A lẹ máa rí lórí káàdì, ṣùgbọ́n B ni lọ́dọ̀ àjọ, tí 0.5 sọ di 3.5. Ẹni tó gba ojúlówó A kò lè kọjá 4.0. Wọn kì í sì í sún 2.99 di 3.0.

Yàtọ̀ sí GPA, ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe kọ́ọ̀sì 4 nínú àwọn tó le: ìṣirò onípele gíga, kẹ́mísírì, físíìsì, AP àti irú wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ní kíláàsì kẹsàn-án. Tó bá di kíláàsì kejìlá, ó ti pẹ́.

Ẹ ṣí àkáǹtì fún ọmọ lórí GAfutures.org, níbi tí GPA HOPE gan-an ti ń hàn. Orúkọ wa máa ń dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ilé-ìwé bá kọ Seun, tí káàdì Social Security sì kọ Oluwaseun, àkọsílẹ̀ méjèèjì lè má bá ara wọn mu. Orúkọ orí káàdì yẹn ni kí ẹ lò níbi gbogbo, lẹ́tà sí lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ fọ́ọ̀mù GSFAPP ti ìpínlẹ̀ Georgia, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 10, tàbí FAFSA ti ìjọba àpapọ̀, tí ẹ máa tún kọ lọ́dọọdún. Ìmọ̀ràn wa ni kí ẹ kọ FAFSA, torí òun náà ló ń ṣílẹ̀kùn owó ìrànwọ́ Pell ti ìjọba àpapọ̀. Fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wọlé kí sáà náà tó parí.

Ní yunifásítì gan-an lowó náà ti ń bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n máa ń yẹ GPA wò nígbà tí wákàtí kọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ fún bá pé 30, 60 àti 90, àti ní òpin sáà ìgbà ìrúwé. Ẹ wo kọ́ọ̀sì 10, oníwákàtí 3 kọ̀ọ̀kan: A mẹ́ta, B mẹ́rin, C mẹ́ta. A jẹ́ 4 fún wákàtí kan, B jẹ́ 3, C jẹ́ 2, D jẹ́ 1. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90 lórí 30, ìyẹn 3.0 géérégé. Bí C kan péré bá di D, ó di 2.9, owó sì dúró. Kọ́ọ̀sì tí ọmọ fi sílẹ̀ láàárín sáà, tó gba W, kò kan GPA, ṣùgbọ́n wákàtí rẹ̀ ń kà. Èyí tó bá sì tún ṣe, máàkì méjèèjì ni HOPE máa kà, kódà bí yunifásítì bá ti pa èyí tó burú rẹ́. Nítorí náà, kí ọmọ má kó kẹ́mísírì, físíìsì àti ìṣirò gíga jọ sínú sáà kan ṣoṣo lọ́dún àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ lè gbà á padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi àyẹ̀wò 30, 60 tàbí 90. Ẹ̀ẹ̀kejì ti parí. Ọmọ tí kò ní 3.0 ní girama náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á níbi àyẹ̀wò yẹn, bí GPA yunifásítì rẹ̀ bá tó. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní technical college wà lábẹ́ HOPE Grant: kò nílò GPA girama kankan, 2.0 ló sì gbọ́dọ̀ dì mú tó bá ti wọlé.