Ẹ Má Gbé Lẹ́tà Bàbá Àgbà Lọ Ṣe Láminétì

Ọ̀pọ̀ ìdílé l'Ábẹ́òkúta ló ní àpótí kan tí wọn kì í ṣí àfi bí òkú àgbà bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà àtijọ́ ló máa ń wà níbẹ̀, àti fọ́tò olóyè tàbí ọ̀gá ilé ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú. Inú mi máa ń dùn bí ìdílé bá fẹ́ fa irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ilé ìkàwé yunifásítì lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń fi ojú rẹ̀ rí kó tó débẹ̀ ló ń dùn mí.

Láminétì ló burú jù. Lẹ́tà á ya díẹ̀, ẹnì kan á sáré gbé e lọ sí Pánsẹ́kẹ́, wọ́n á fi ọ̀rá gbígbóná bò ó níwájú lẹ́yìn. Ó ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ẹ̀rọ ti yọ́ àtè ọ̀rá náà wọ inú bébà, kò sì rọrùn rárá láti yọ ọ́ kí bébà má bá a lọ. Ásíìdì inú bébà fúnra rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀, abẹ́ ọ̀rá ló ti ń jẹ ẹ́. Sẹ́lótéèpù kò sàn jù ú: á pọ́n, á gbẹ, á ṣí kúrò, àbàwọ́n rẹ̀ á wá jókòó sórí ọ̀rọ̀ gan-an tí ẹ fẹ́ gbà là. Ẹ kó ègé lẹ́tà náà sáàárín bébà funfun tó mọ́, kí ẹ fi sínú fáìlì, ó tó.

Fọ́tò ní tirẹ̀ kò fẹ́ omi. Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún. Íńkì tí wọ́n fi buwọ́ lu fọ́tò dídán kì í wọlé, òkè ló máa ń dúró sí. Àtàǹpàkò kan tó làágùn lè pa ìdajì orúkọ rẹ́. Bí ọ̀rinrin bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á, tòun ti férémù ni kí ẹ gbé e lọ. Bírò lẹ́yìn fọ́tò náà kò dára, ojú ọ̀nà rẹ̀ máa ń yọ síwájú. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ lò, ní etí.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a ṣa lẹ́tà àwọn gbajúmọ̀, kí a da ìyókù nù. Ẹni tó ń ṣèwádìí ìjà owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, èyí tó mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, lè lọ sí ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí lẹ́tà àti ìwé tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ṣáájú ìjà náà, kó jọ wà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ ìpàdé náà. Àpò lẹ́tà ńkọ́? Bí lẹ́tà kò bá ní déètì, òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lè sọ ọ́. Ẹ má sì tún ẹrù inú àpótí tò: bí ẹni tó ni ín ṣe kó o jọ náà jẹ́ ẹ̀rí.

Kí ẹ tó fi àpótí sílẹ̀, ẹ béèrè fún ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin àti ilé ìkàwé yóò jọ buwọ́ lù. Kí ó sọ ẹni tó lè rí i àti ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí pé lẹ́tà wà lọ́wọ́ yín kò sọ pé ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ ẹ́ jẹ́ tiyín. Ti ẹni tó kọ ọ́ ni, tàbí àwọn àrólé rẹ̀.