Bí mo ṣe kó búlọ́ọ̀kù lọ sókè nínú oòrùn Bariga

Oṣù Máàṣì ni o, ẹ sì mọ bí ooru ṣe ń mú l'Ékòó lásìkò yẹn. Owó tí àwọn lébìrà pè pọ̀ jù, ni mo bá ní kémi àti àbúrò ìyàwó mi kúkú kó búlọ́ọ̀kù 300 yẹn fúnra wa, òṣùká lórí, ó di sítẹ́ẹ̀sì.

Nígbà tó fi máa tó aago mọ́kànlá, ìtọ̀ mi ti pọ́n bíi tíì tí ò ní mílíìkì, mi ò kà á sí. Orí ń fọ́ mi, iṣan ẹsẹ̀ ń fà mí, mo wá ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí nǹkan tí ò tó nǹkan. Àfi bó ṣe gbé búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ tó ní, "Brọ̀dá, òtútù ń mú mi." Òtútù kẹ̀? Mo fọwọ́ kan apá ẹ̀, ó tutù rinrin, gbogbo irun ibẹ̀ ti dìde. Ooru yẹn náà ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo mú un wọ abẹ́ dẹ́kìn, mo bọ́ bàtà àti ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, mo da omi sí i lọ́rùn, lábíyá, nítan, mo wá fi páálí táìlì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Fífẹ́ yẹn gan-an niṣẹ́ o, torí afẹ́fẹ́ Èkó ti lómi nínú jù, òógùn kì í tètè gbẹ, ṣe ló kàn máa ń ro sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó bá ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Mo bi í pé ibo la wà, ó dáhùn dáadáa. Ká ní ó ń sọ kántankàntan ni, ọsibítù tààrà, màá sì máa da omi lé e lórí lọ. Píọ̀ wọ́tà 50cl méjì, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì, mo pò ó pọ̀, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá ó ní òun fẹ́ jẹ búrẹ́dì. Ilé ni mo ní kó lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi nìkan, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Òùngbẹ gbẹ mí o, kò gbẹ mí o, mò ń mu omi ife kan ní ìṣẹ́jú 20-20. Tí mo bá ti jókòó sinmi, mo máa fọwọ́ sí ọrùn ọwọ́, màá ka bó ṣe ń lù fún 30 sẹ́kọ́ńdì, màá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tó bá ti lé ní 110, ìsinmi ò yí padà, iṣẹ́ tó kàn ni mo máa gé ìdá kan kúrò nínú mẹ́ta ẹ̀: dípò búlọ́ọ̀kù 15, 10. Èyí tí mo kọ́kọ́ kà jẹ́ 63, ìyẹn 126, mo rò pé mo ṣìí kà ni, mo tún un kà, 61!

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ló tó parí. Ìyàwó mi ṣì ń sọ pé torí owó lébìrà ni mo ṣe fẹ́ẹ́ pa àbúrò òun.