Gọ́tà àdúgbò wa: ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni títì

Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ni wọ́n ní kí àdúgbò wa dá, kí ìjọba gbé èyí tó kù. Òfin yẹn kì í ṣe tuntun. Òun náà ni wọ́n lò fún CSDP, ètò ìdàgbàsókè àdúgbò tí Báńkì Àgbáyé gbé owó sí láti 2009. Ṣùgbọ́n owó tó jáde lápò wa ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ohun tó sì ń dùn mí ni pé kì í ṣe iṣẹ́ ló jẹ ẹ́. Ìwé ni.

Ká bo gọ́tà iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ká ṣe bọ́m̀pù, ká da kọ́ńkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sétí títì kí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn lè gùn ún: gbogbo ohun tí a fẹ́ nìyẹn. Gọ́tà náà mu àgbàlagbà dé ìbàdí. Pákó méjì làwọn ọmọ fi ń sọdá, ọ̀kan ti jẹrà láàárín, ìyá alákàrà ló ń di àwọn kékeré lọ́wọ́ mú láràárọ̀.

Ìpàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ìgbìmọ̀, àkáǹtì báńkì, ìyẹn ò le. Ará Rẹ́mọ mọ owó dá.

Lẹ́tà tí yóò sọ ẹni tó ni títì ló dá wa dúró. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìbílẹ̀ wà, a ò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ láìgbàṣẹ. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, títì yẹn kì í ṣe tiwa." Ọ́fíìsì kejì ní kí a padà síbi tí a ti ń bọ̀. Wọ́n ń gbá wa bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá wà ní ìpàdé. Bí ọ̀gá bá dé, akọ̀wé ti lọ. Bí akọ̀wé bá wà, kò sí pépà. A ra pépà fún wọn!

Sìmẹ́ǹtì ò dúró dè wá. Nígbà tó di Fẹ́búárì 2024, àpò kan ti kọjá 10,000 náírà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò wà. Iye tí ẹnjiníà kọ ti di àtijọ́, owó ìjọba ò sì lé kan. Àwa la wá àlékún.

Mo bá tẹ Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 jáde, ibi tó ti ka títì, iná ojú títì àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Mo fi òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 kún un, èyí tó ní etí títì gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún wọn. Mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Lẹ́tà jáde.

Bíríkìlà àdúgbò wa ló da ìdérí gọ́tà náà, ó nípọn, ó tẹ́jú, irin ìdìmú wà lára ẹ̀ kí a lè gbé e nígbà tí a bá fẹ́ kó pàǹtí. Inú mi dùn sí i gan-an ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, lẹ́tà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lé, kí ẹnjiníà tó kọ iye kankan. Ẹ ní kí ó fi owó ọ̀wọ́n ọjà kún un. Ibikíbi tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Iná ojú títì ló kù tí a ń lé báyìí, lẹ́tà tiẹ̀ ti wà nínú fáìlì.