Ẹ má ka gbogbo LMDB tán nítorí àkọsílẹ̀ mẹ́wàá

Ẹ̀yin ará, tó bá jẹ́ àwọn àkọsílẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ bákan náà nìkan lẹ fẹ́ tún ṣe nínú LMDB (ibi ìpamọ́ dátà tó ń fi kọ́kọ́rọ́, ìyẹn orúkọ àkọsílẹ̀, tọ́jú iye), ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti MDB_FIRST (àṣẹ tó ń lọ síbi àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́) kí ẹ wá máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí cursor (atọ́ka tó ń rìn lórí àwọn àkọsílẹ̀), kí ẹ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́rọ́ náà, bíi "gbese:", pẹ̀lú MDB_SET_RANGE. Tààrà ló máa lọ síbi kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ tó bá a dọ́gba tàbí tó tẹ̀ lé e, torí pé títò ni LMDB to kọ́kọ́rọ́ sórí igi B+ rẹ̀ (ètò dátà tó ní ẹ̀ka bí igi). Láti ibẹ̀, MDB_NEXT (àṣẹ tó ń lọ sí èyí tó kàn) ló kù, títí ẹ ó fi kan kọ́kọ́rọ́ tí kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, tàbí tí LMDB bá dá MDB_NOTFOUND (kò sí mọ́) padà. Àtúnṣe gan-an ló dùn jù: níbi tí cursor dúró sí náà lẹ ti máa fi mdb_cursor_put àti MDB_CURRENT kọ tuntun lé ti àtijọ́, ẹ ò tún ní wá a lẹ́ẹ̀kejì. (Kọ́kọ́rọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ fún un o, kì í ṣe òmíràn.) Fún pípa rẹ́, mdb_cursor_del ni, tẹ́ ẹ bá pe MDB_NEXT lẹ́yìn rẹ̀, kò ní fo ìkankan. Ibi tó ti lè já yín kulẹ̀ ni nọ́ńbà: báìtì ló fi ń tò wọ́n, kò mọ iye, nítorí náà "gbese:10" á ṣíwájú "gbese:2". Ẹ ti fi òdo ṣíwájú, "gbese:0002", kí dátà tó pọ̀.