Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò afárá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tójú ẹ̀ ti rí

Fọ́tò kan wà nínú àpótí màmá mi, bàbá mi ló wà nínú ẹ̀, wọ́n dúró ti irin ẹ̀gbẹ́ afárá kan l'Ékòó, wọ́n wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà ayé ìgbà yẹn, ọkùnrin kan gbọ́wọ́ lé wọn léjìká, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó oṣù. Bàbá mi ti lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ọkùnrin yẹn nínú ilé wa mọ́. Màmá mi ní Carter Bridge ni, àbúrò bàbá mi ní rárá o, Eko Bridge ni, ìgbà tí wọ́n ń parí ẹ̀ ní 1975. Mo yí ẹ̀yìn fọ́tò náà wò, funfun báláú, kò sí déètì, kò sórúkọ. Ó dùn mí gan-an. Látọjọ́ náà ni mi ò ti ya irin àti kọnkéré lásán mọ́, ohun tí mo sì fẹ́ sọ fún yín nìyẹn, yálà fóònù lẹ fẹ́ fi yà á ni o tàbí kámẹ́rà ńlá.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí afárá náà kẹ́ ẹ tó dé'bẹ̀, torí ìtàn ẹ̀ ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí fún yín. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Selma ní Alabama, l'Amẹ́ríkà, afárá Edmund Pettus. 1940 ni wọ́n ṣí i, orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára irin ẹ̀ lókè yẹn, ọ̀gágun kan ló ni ín tó jà fún àwọn tí ò fẹ́ kí oko ẹrú parí, ó sì tún jẹ́ olórí nínú Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ṣọṣẹ́ fáwọn aláwọ̀ dúdú. Ní March 7, 1965, àwọn èèyàn bí 600, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá yẹn torí ẹ̀tọ́ ìdìbò, àwọn ọlọ́pàá yin tíáágáàsì lù wọ́n, wọ́n fi kóńdó nà wọ́n, wọ́n fọ́ agbárí John Lewis, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣáájú wọn, ọmọ ọdún 25 péré nígbà yẹn. Ẹ wá wò ó o, àárín afárá náà ga, ó rí bí òkè, téèyàn bá ń bọ̀ látinú ìlú kò ní rí ohun tó wà lódìkejì àfi tó bá dé téńté. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sáwọn yẹn nìyẹn, orí téńté ni wọ́n dé kí wọ́n tó rí àwọn ọlọ́pàá tó tò sílẹ̀ dè wọ́n.

Torí náà ẹ má lọ dúró sétí odò kẹ́ ẹ ya gbogbo ẹ̀ pátá bíi ti káàdì ìkíni kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ẹ lọ sí ìdí ẹ̀ lápá ìlú, ẹ dúró sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ torí mọ́tò ṣì ń gba'bẹ̀, ẹ lóṣòó, ẹ gbé fóònù sún mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ọ̀nà náà máa gòkè lọ nínú fọ́tò kó sì bo òpin ẹ̀ mọ́ wa lójú. Tí ẹnì kan bá ń rìn lọ níwájú, ẹ dúró dè é kó kù díẹ̀ kó dé téńté kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá wo fọ́tò yẹn máa mọ nǹkan tó wà láyà wọn lọ́jọ́ náà láìjẹ́ pé ẹ ṣàlàyé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé òkú John Lewis gbà ní July 26, 2020, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló gbé e, wọ́n sì da òdòdó pupa sójú ọ̀nà fún un.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa jáde, oòrùn ọ̀sán máa ń jẹ́ kí afárá rí pẹrẹsẹ. Ẹ jẹ́ n fi Third Mainland ṣàlàyé torí òun ni mo mọ̀ jù. Kìlómítà bíi 11.8 ni gígùn ẹ̀, Babangida ló ṣí i ní 1990, kò sì sí èyí tó gùn tó o ní gbogbo Áfíríkà títí wọ́n fi parí ti Cairo ní 1996. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má páàkì sórí ẹ̀ torí fọ́tò, bó ti wù kí ọ̀sà máa dán tó, àwọn mọ́tò yẹn ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Etí ọ̀sà ní Unilag ni kẹ́ ẹ lọ. Oòrùn máa là látẹ̀yìn afárá, afárá fúnra ẹ̀ máa dúdú bíi tàdáwà, ẹ fọwọ́ tẹ ojú ọ̀run lórí fóònù yín nítòsí ibi tí oòrùn wà kẹ́ ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, àwọn danfó tó ń lọ lókè máa dà bí èèrà tó tò. Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́ ó tún dáa jù, oòrùn máa pọ́n, ibi tó jìnnà máa parẹ́ sínú eruku, afárá á wá dà bí ẹni pé kò lópin. Ẹ ní sùúrù kí ọkọ̀ ojú omi apẹja kan wọ inú fọ́tò náà, òun ló máa jẹ́ ká mọ bí afárá náà ti tóbi tó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á láti Makoko, ẹ san owó fún ẹni tó máa wa yín lójú omi, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Ègùn dání, ẹ má sì dojú kámẹ́rà kọ ilé onílé láìkí wọn. Ti drone ńkọ́, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń gbé kámẹ́rà yẹn? Ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ lẹ máa gbà, ti NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, àti ti ọ́fíìsì National Security Adviser. Èmi ò tiẹ̀ ní drone, síbẹ̀ ẹnì kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ti ní kí n pa gbogbo fọ́tò mi rẹ́ rí, mo pa á rẹ́ lóòótọ́, iṣẹ́ àárọ̀ kan gbáko ló lọ bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, tí mo bá ya méjì mẹ́ta, mo máa ń fi ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, èyí tó ń là sí méjì yẹn, Tower Bridge ni, kì í ṣe London Bridge, ọ̀pọ̀ wa la ń ṣì í pè. London Bridge ni pẹrẹsẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, orí ẹ̀ gan-an ló sì dáa kẹ́ ẹ dúró láàárọ̀ kẹ́ ẹ fi ya Tower Bridge. Tower Bridge ti wà láti 1894, ó máa ń là tó ìgbà 800 lọ́dún, wọ́n ń kọ àkókò tó máa là sórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ má lọ fara gbá òtútù lásán. Nǹkan kan tó wúlò fáwọn tó ní fọ́tò ìdílé: 1977 ni wọ́n kùn ún ní pupa, funfun àti búlúù nítorí Ọbabìnrin Elizabeth pé ọdún 25 lórí ìtẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ mẹ́ta yẹn lẹ́yìn àǹtí yín, ẹ ti mọ̀ pé fọ́tò náà ò ṣáájú 1977.

New York náà ní tiẹ̀. Afárá tí gbogbo èèyàn ń yà láàárín ilé bíríkì ní Washington Street ní Dumbo yẹn, Manhattan Bridge ni o! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ Brooklyn Bridge fúnra ẹ̀, ẹ gòkè látapá Brooklyn nígbà tójú ọjọ́ ń là, oòrùn máa wà lẹ́yìn yín, ó máa mọ́lẹ̀ sára àwọn ilé gogoro níwájú. Ẹ wá àmì Emily Roebling tí wọ́n kàn mọ́bẹ̀, kẹ́ ẹ yà á. Bàbá ọkọ ẹ̀ ló ya àwòrán afárá náà, ó kú ní 1869, ọkọ ẹ̀ bá a lọ, àìsàn iṣẹ́ abẹ́ omi dá ọkọ dùbúlẹ̀, ìyàwó yìí ló wá ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín ọkọ ẹ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá títí wọ́n fi ṣí i ní 1883.

Fọ́tò òru: tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá a ń gbé kámẹ́rà lé), ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/8 tàbí f/11 (bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó), kí shutter, ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà, ṣí fún sẹ́kọ́ńdù 10 sí 20, ẹ fi taimà ṣe é kọ́wọ́ yín má bàa mì ín, iná mọ́tò á sì gùn bí okùn. Orí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé tripod sí, ẹ má gbé e sórí afárá torí afárá ń mì. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ fi ti ògiri.

Afárá Mostar ní Bosnia wà lọ́kàn mi gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kékeré ni. Òkúta ni, 1566 ni wọ́n parí ẹ̀, Hayruddin ló kọ́ ọ. Ogun fi àgbá wó o ní November 9, 1993, wọ́n tún un kọ́, wọ́n ṣí i ní July 23, 2004. Àwọn ọkùnrin máa ń bẹ́ látorí ẹ̀ sínú odò, wọ́n á kọ́kọ́ gbowó káàkiri, ẹ fún wọn lówó kẹ́ ẹ tó yà wọ́n, iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wá òkúta kékeré kan létí afárá náà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kẹ́nikẹ́ni má gbàgbé '93. Ẹ yà á pọ̀ mọ́ afárá, òkúta níwájú, afárá lẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má fi gbogbo ẹ̀ sínú fóònù. Ẹ tẹ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jáde, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn, torí báírò máa ń yọ síwájú: orúkọ afárá, ọjọ́, apá ibi tẹ́ ẹ dúró sí, àti orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀, títí kan ẹni tẹ́ ẹ rò pé ẹ ò lè gbàgbé. Ti bàbá mi, mo ti tẹ̀ ẹ́ tóbi, inú báàgì mi ló ń gbé. Tí mo bá ti rí bàbá àgbà kan ní Ìdúmọ̀tà tàbí Ìjọra, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, màá yọ ọ́ fi hàn wọ́n, màá ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo irin yìí, ẹ tún wo ọkùnrin tó wà lápá òsì yìí.